Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ orí pápá ẹṣin: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ní Ọ̀yọ́

Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, àwa mẹ́fà sí méje máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá mi ní Ọ̀yọ́. Kálukú á mú ìwé tó yá lọ́wọ́ mi bọ̀, a ó sì máa jiyàn lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Láti ìgbà tí mo ti mú ìwé Dick Francis wọ àárín wa, pàápàá èyí tó dá lórí Sid Halley, ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé máa ń bi mí kí wọ́n tó jókòó. Mo kó wọn jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn wọn lẹ́nu.

Irú ìwé wo gan-an nìyí, Àǹtí?

Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, àmọ́ orí pápá eré ẹṣin ni ọ̀ràn ti ń ṣẹ̀. Ẹṣin tí gbogbo ayé mọ̀ pé yóò borí á ṣàdédé rẹ̀ lẹ́nu ìje, tàbí kí pápá kan máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé àjálù lásán ni. Ẹnì kan ń jẹ èrè rẹ̀ níbì kan. Sid Halley ni yóò wá ẹni náà rí. Òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn tó ń gun ẹṣin sáré, kí ẹṣin tó ṣubú lé e, tí pátákò sì run ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Kò lè gun ẹṣin nínú ìje mọ́. Ó wá di òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn tọ pinpin ọ̀rọ̀, kò sì ní ìfẹ́ kankan sí iṣẹ́ náà títí tí ẹnì kan fi yìnbọn lù ú níkùn. Ibẹ̀ ni ìwé àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ta ni Dick Francis? Ṣé ó mọ ohun tó ń sọ?

Ó mọ̀ ọ́n ju ẹni tó kọ́ ọ nínú ìwé lọ. Ọmọ Wales ni, ọdún 1920 ni wọ́n bí i. Ó wa ọkọ̀ òfurufú fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lẹ́yìn ogun ló wá di ẹni tó ń gun ẹṣin sáré gbowó. Ó borí nínú ìje tó ju 350 lọ, òun ló sì ṣe ipò kìíní láàárín gbogbo àwọn tó ń gun ẹṣin fo ìdènà ní sáà 1953 sí 1954. Ó gun ẹṣin fún Ìyá Ọbabìnrin Elizabeth.

Ẹṣin Ìyá Ọbabìnrin yìí náà ló fa ohun tí àwọn èèyàn rántí jù nípa rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1956, nínú ìje Grand National ní Aintree, lẹ́bàá Liverpool, ó wà lórí ẹṣin kan tó ń jẹ́ Devon Loch. Ìje náà ju máìlì mẹ́rin lọ, ìdènà ọgbọ̀n ni ẹṣin gbọ́dọ̀ fò. Devon Loch fo gbogbo rẹ̀, ó fi àwọn yòókù sílẹ̀ sẹ́yìn, àwọn èrò ti ń hó yèè. Ó ku bí àádọ́ta ìṣísẹ̀ kó dé òpin ni ẹṣin náà kàn ta ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó fi ikùn lélẹ̀ gbalaja. Kò sí ìdènà níwájú rẹ̀. Ẹlòmíràn ló gba ife ẹ̀yẹ. Títí di òní, wọ́n ṣì ń jiyàn nípa ohun tó ṣe ẹṣin yẹn.

Àwọn àgbà wa ní ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló fi eré ẹṣin sílẹ̀. Ó kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀, ó fi ọdún mẹ́rìndínlógún kọ ìròyìn eré ẹṣin fún ìwé ìròyìn Sunday Express, ó sì gbé ìwé ìtàn aròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Dead Cert, jáde ní 1962. Nígbà tó fi kú ní 2010, ìwé ìtàn aròsọ rẹ̀ ti lé ní ogójì. Mo gbà pé ìbéèrè tí kò rí ìdáhùn ní Aintree wà lábẹ́ gbogbo wọn: kí ló dé tí ẹni tó yẹ kó borí fi ṣubú?

Mi ò mọ nǹkan kan nípa eré ẹṣin. Ṣé mi ò ní sọnù sínú rẹ̀?

O ò ní sọnù. Èmi náà kò tíì fi ojú mi rí irú ìje bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ni mo máa ń ṣàlàyé kí n tó yá èèyàn ní ìwé, torí òkùnkùn inú ìtàn náà máa ń dín kù lẹ́yìn rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n. Nínú ọ̀pọ̀ ìje, wọn kì í jẹ́ kí ẹṣin tó lágbára àti èyí tí kò lágbára gbé ẹrù kan náà. Èyí tó dára jù ni wọ́n máa ń di òjé lé, kí gbogbo wọn lè sún mọ́ ara wọn lẹ́nu ìje. Ẹni tó gùn ún á gorí òṣùwọ̀n kí ìje tó bẹ̀rẹ̀, á sì tún gorí rẹ̀ lẹ́yìn ìje, kí ẹnikẹ́ni má baà ju òjé nù lọ́nà. Ọgbọ́n yìí yé àwọn ìyá wa tó ń ta gàrí ní Akẹ̀sán dáadáa: ẹni tó bá gbé kóńgò tí ìdí rẹ̀ ti wọ inú wá, wọ́n á mọ̀.

Ìkejì ni iye tẹ́tẹ́. Bí wọ́n bá ní ẹṣin kan jẹ́ márùn-ún sí ọ̀kan, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí o bá ta ₦1,000 lé e tó sì borí, wọ́n á fún ọ ní ₦5,000, wọ́n á sì dá ₦1,000 rẹ padà. Ẹṣin tí gbogbo èèyàn gbẹ́kẹ̀ lé kì í mú owó púpọ̀ wá. Nítorí náà, ẹni tó ń gba tẹ́tẹ́ ló máa ń jẹ èrè jù bí ẹṣin tí gbogbo ìlú ta owó lé bá fìdí rẹmi. Fi èyí sọ́kàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdí tí wọ́n fi ń ba ẹṣin jẹ́ nínú ìwé wọ̀nyí kò ju ìyẹn lọ: ẹnì kan mọ̀ ṣáájú pé èyí tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn kò ní borí.

Ìkẹta ni àwọn èèyàn tó yí ẹṣin kan ká. Ẹnì kan ló ra ẹṣin, ẹlòmíràn ló ń tọ́ ọ, ọmọ iṣẹ́ ló ń fún un lóúnjẹ tó sì ń wẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn ló ń gùn ún, oníṣègùn ẹranko sì ń wò ó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè dalẹ̀ rẹ̀. Bí o bá ń kà á, máa béèrè ta ló dá wà pẹ̀lú ẹṣin yẹn gbẹ̀yìn.

Ọmọ Ọ̀yọ́ sì ni wá. Ẹṣin ni ogun Ọ̀yọ́ Ilé gùn tí òkìkí rẹ̀ fi kàn títí dé etí òkun. Òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń rà wọ́n, ìrù, eṣinṣin tó máa ń fi àrùn pa ẹran, kò sì jẹ́ kí wọ́n pẹ́ láyé nínú igbó. Oyè Olókùn Ẹṣin wà láàfin. Nígbà tí Dick Francis bá ń sọ bí etí ẹṣin ṣe ń gbọ̀n kó tó fò, kò yẹ kó ṣàjèjì sí etí wa.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ kà?

Ti Sid Halley tí Dick Francis kọ jẹ́ mẹ́rin: Odds Against (1965), Whip Hand (1979), Come to Grief (1995) àti Under Orders (2006). Tò wọ́n bẹ́ẹ̀ kí o kà wọ́n. Ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀ yòókù dá dúró, o lè gbé èyíkéyìí, torí akọni tuntun ló wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ní ti Halley, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nínú èkíní ni yóò máa gbé kiri nínú ìyókù. Ọ̀rẹ́ mi kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èkejì, ojú ìwé díẹ̀ péré ló fi mọ ohun tó yẹ kó bá a lójijì ní ìparí èkíní. Ó dùn mí fún un.

Ọmọ rẹ̀, Felix Francis, ń bá iṣẹ́ náà lọ. Ó ti fi Halley kọ Refusal (2013) àti Hands Down (2022). Ka ti bàbá tán ná.

Kí ló mú yín fẹ́ràn rẹ̀ tó báyìí?

Ọwọ́ yẹn ni.

Nínú ìwé èkíní, Halley kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ti rọ. Inú àpò ló máa ń wà. Iṣẹ́ wá gbé e dé ọ́fíìsì kan, ó bá obìnrin kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Zanna Martin, akọ̀wé. Obìnrin yìí ti to tábìlì rẹ̀ lọ́nà tí yóò fi kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tó bá wọlé má baà rí ojú rẹ̀ tí iná ti bà jẹ́ láti kékeré. Àwọn méjèèjì bá ara wọn ṣe àdéhùn: obìnrin yìí á yí tábìlì rẹ̀ padà kó lè kọjú sí ẹnu ọ̀nà, Halley náà á mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lápò, á jẹ́ kí àwọn èèyàn rí i. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí ẹṣin níbẹ̀. Síbẹ̀, mi ò rí ibi tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìwé náà fún ọkùnrin yẹn.

Káfíńtà ni bàbá mi. Ayùn oníná gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ nígbà tí mo wà ní pámárì. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ bàbá mi pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún nínú àpò bùbá, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìgbéyàwó, níwájú àna. Òwò rẹ̀ kò parẹ́, ó kọ́ bí òsì ṣe ń di òòlù mú, ṣùgbọ́n àpò kò fi ọwọ́ yẹn sílẹ̀. Bàbá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀. Èmi ni mo ń ka ìwé náà fún wọn lálẹ́, mo ń tú u sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á. Nígbà tí mo ka ibi tábìlì yẹn tán, wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọn kò sọ nǹkan kan, wọ́n ní kí n tiná pa.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò ju eré ọwọ́ dilẹ̀ lọ, mo máa ń ní kó jókòó kí n ka ojú ìwé mélòó kan fún un.

Ṣé kì í ṣe ká mọ ọ̀daràn ni gbogbo rẹ̀ wà fún?

Bí ìyẹn nìkan bá ni, Come to Grief kò bá má wúlò, torí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti mọ ẹni tí Halley fẹ̀sùn kàn. Ẹnì kan ń gé ẹsẹ̀ ẹṣin lóru. Ẹni tí gbogbo ọ̀nà tọ́ka sí jẹ́ ọ̀rẹ́ Halley tímọ́tímọ́, òun náà ti gun ẹṣin sáré rí, ó ti wá di gbajúmọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ìlú ló fẹ́ràn rẹ̀. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Ìwé ìròyìn dojú kọ Halley dípò ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọmọdébìnrin kan tí àìsàn ẹ̀jẹ̀ ń ṣe wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ẹṣin tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ìdí tó fi wúwo lọ́kàn ni pé o mọ òtítọ́, o sì ń wo bí ẹni tó sọ ọ́ ṣe ń jìyà rẹ̀.

Whip Hand, ìwé èkejì, náà ní ti ẹ̀ (ẹni tí kò bá tíì ka èkíní kó fo ìpínrọ̀ yìí). Ọwọ́ àtọwọ́dá tó ń lo bátìrì ló wà lápá òsì Halley níbẹ̀. Ẹnì kan wá halẹ̀ mọ́ ọn pé bí kò bá jáwọ́, ọwọ́ ọ̀tún tó kù lòun á bà jẹ́. Ẹ̀rù ba Halley débi pé ó sá lọ sí Paris, ó sì ń tijú ara rẹ̀ níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn tí mo ti kà, akọni kì í sá. Èyí sá, a sì rí ohun tí sísá náà fi ṣe é. Ìwé yẹn gba àmì ẹ̀yẹ Gold Dagger ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó tún gba Edgar ní Amẹ́ríkà.

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le bí?

Rárá. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú, Halley fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn náà. Ọmọ tó bá ti dé S.S. 2 á kà á. Ọ̀rọ̀ eré ẹṣin tí kò bá yé ọ, fò ó, á máa yé ọ bí o bá ṣe ń lọ.

Ṣé ọmọdé lè kà á?

Mi ò ní fún ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́rìndínlógún. Wọ́n máa ń lu Halley, wọ́n máa ń dá a lóró, Dick Francis kì í sì yára kọjá níbẹ̀. Ẹni tó ti ṣubú lórí ẹṣin lọ́pọ̀ ìgbà, tí egungun rẹ̀ ti kán lọ́pọ̀ ìgbà, mọ bí ìrora ṣe rí.

Àwọn ọmọ wa ti ń ta tẹ́tẹ́ tó. Ṣé ìwé yìí kò ní tì wọ́n sí i?

Ìbéèrè tó tọ́ ni, mi ò sì fojú kéré rẹ̀. Ojú pópó wa kún fún ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́. Mo mọ ọmọ iṣẹ́ kan ní àdúgbò wa tó fi owó tí ọ̀gá rẹ̀ ní kó fi ra irin ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì pàdánù iṣẹ́ tó ti kọ́ fún ọdún méjì. Èmi ni mo bá ìyá rẹ̀ lọ bẹ ọ̀gá náà. Kò gbà.

Ọmọ yẹn wà lára àwọn tó ń jókòó pẹ̀lú wa báyìí. Ohun tó sọ nígbà tó ka Odds Against tán ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún òun rí pé ẹni tó ń gba tẹ́tẹ́ máa ń mọ nǹkan tí ẹni tó ń ta á kò mọ̀. Inú yàrá ẹ̀yìn ni ìwé yìí mú un wọ̀, ibi tí wọ́n ti ń ṣírò owó rẹ̀. Mi ò ní sọ pé ìwé ló wò ó sàn. Mo kàn mọ̀ pé mi ò tíì rí ẹni tó ka ìwé Dick Francis tán tó wá sáré lọ ta tẹ́tẹ́.

A ní irú rẹ̀ ní Yorùbá, àbí a kò ní?

A ní ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó gbóná, ọmọ Ọ̀yọ́ ló sì kọ èyí tí mo fẹ́ràn jù. Oládẹ̀jọ Òkédìjí, tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ ní 1929, ló kọ Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971). Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ló ń lé àwọn ọ̀daràn kiri nínú méjèèjì. Kọ́lá Akínladé náà ní Akin Olúṣínà tirẹ̀.

Bí o bá ka Lápàdé tẹ̀ lé Halley, wàá rí i pé ìbátan ni wọ́n. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ìmọ̀ rẹ̀ kò bọ́. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ẹnu. Lápàdé á fi òwe, orin àti àwàdà kọlu ọ̀tá kó tó gbé ọwọ́ sókè. Halley a máa dákẹ́, á jẹ́ kí ọ̀tá rò pé òmùgọ̀ lòun. Nínú Odds Against, bàbá ìyàwó rẹ̀, Charles Roland, ló tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ń fi í ṣẹ̀sín níwájú àlejò kí àlejò náà lè fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣe ń dákẹ́ ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni kó lọ.

Ti orí pápá ìdíje gan-an, mi ò tíì rí i ní Yorùbá. Ó ń wù mí. Pápá Durbar wà níbí fún ẹni tó bá fẹ́ fi bọ́ọ̀lù kọ ọ́. Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn náà wà: Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta, tó wàjà ní 2022, fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn. Ìjàkadì sì ti wà kí gbogbo wọn tó dé. Bí ẹnì kan bá fi oògùn sínú omi tí abẹ́ṣẹ̀ẹ́kù-bí-òjò mu láàárín ìsinmi, ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí ọmọ Ọ̀yọ́ kan jọ̀wọ́ kọ ọ́, màá kọ́kọ́ rà á.

Níbo lẹ ti ń rí wọn?

Lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Ìbàdàn, lọ́pọ̀ ìgbà. Bèèrè fún Dick Francis ní orúkọ, má ṣe bèèrè fún ìwé ẹṣin. Yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí o tó sanwó, torí ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ojú ìwé tó gbẹ̀yìn ti ya kò ṣeé dá padà. Ó wà fún kíkà lórí fóònù náà. Àwọn kan nínú wa máa ń gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ bí wọ́n bá ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ṣé òfin wà níbi ìjókòó yín?

Ẹni tó bá ti ka ìwé tán kò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín bí ẹlòmíràn bá ń dárúkọ ẹni tó fura sí. Ẹ̀rín nìkan ti tú àṣírí ìwé méjì. A tún máa ń dúró ní ìdajì ìwé, kálukú á kọ orúkọ ẹni tó fura sí sínú bébà, a ó ká a, a ó fi í sínú agolo Bournvita títí oṣù á fi pé. Àwọn tó ń yára kàwé kì í sábà gbà á. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta aṣọ ló máa ń gbà á, torí ojú ló máa ń wò, ó ní ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín jù nínú ìwé ni kí a ṣọ́.

Bàbá yín ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń gbọ́ ọ?

A ti wọ Whip Hand. Wọ́n ti ní n kò gbọ́dọ̀ ka iwájú láìsí àwọn, wọ́n sì máa ń wo ibi tí mo ká ojú ìwé sí kí n tó lọ sùn. Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sáàárín wa, èyí tí wọn kì í ṣe, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ kọ orúkọ ẹni tí àwọn fura sí. Ẹnì kan na bébà sí wọn. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi gbà á.